Ẹni Tó Ń Bá Mi Wo Ọta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé ènìyàn, ẹ wá sí pápá ìbọn wa lẹ́bàá odò Lemhi ní Idaho, ní òwúrọ̀ Sátidé. Ẹ ó bá àwa àgbàlagbà tí a ti lé lọ́gọ́ta ọdún níbẹ̀, tí a fẹ̀yìn lélẹ̀, tí a ká orúnkún sókè, tí a gbé ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta kan lé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, tí a ń yìn ín lu ẹran onírin. Àwọn tó ń kọjá lọ́nà a máa fi wá rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Bí mágínọ́ọ̀mù, ọta alágbára tí à ń yìn, bá bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn, ẹ̀rín á dá.

Adìyẹ irin ló sún mọ́ wa jù, lẹ́yìn rẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, lẹ́yìn ẹlẹ́dẹ̀ tòlótòló. Àgbò ló jìnnà jù, ó wà ní igba mítà, kò ju èékánná lọ lójú ẹni. Mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n, ogójì ni gbogbo rẹ̀. Kí ọta kàn bà á kò tó, ó gbọ́dọ̀ wó lulẹ̀. Ẹni tó bá bi ogójì náà ṣubú láì tàsé ẹyọ kan, wọn á fi irin gbígbóná kọ orúkọ rẹ̀ sára pákó tó wà lókè ilẹ̀kùn ilé ẹgbẹ́. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: Alvah Pruitt, bàbá wa.

Bàbá kò kọ́ mi. "Nedra, lọ gbé kọfí wá," gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo rí gbà lọ́wọ́ wọn nídìí ìbọn nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi Orrin ni wọ́n kọ́. Orrin ló wá kọ́ èmi náà lẹ́yìn abà, nígbà tí Bàbá bá lọ sígboro. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń kán ìbọn náà lọ́rùn kó lè là, bí a ṣe ń ti ọta kan bọ̀ ọ́, àti bí a ṣe ń fi awọ bo ẹsẹ̀ kí iná ẹnu ìbọn má bàa bó ni lára. Láti ìgbà náà títí a fi hewú, òun ló ń wo ọta fún mi, èmi ni mò ń wò fún un.

Iṣẹ́ ńlá ni wíwò yìí. Ẹni tó fẹ̀yìn lélẹ̀ kò lè rí ibi tí ọta rẹ̀ bà, nítorí ìbọn á ti fò sókè bo ojú rẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ ló máa jókòó sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú awò gígùn, tí á máa sọ fún un pé ó lọ sókè, ó lọ sọ́tùn-ún, yí síkúrù ojú ìbọn báyìí báyìí. A kì í bá ẹni tó ń wò fúnni jiyàn. Ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n ń fúnni fún ọta márùn-ún, ta ló ráyè?

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, òjò ti rọ̀ mọ́jú, atẹ́gùn kankan kò sì fẹ́. Títí a fi dé ìdí àgbò márùn-ún ìkẹyìn, èmi àti Orrin kò tíì tàsé. Kí ẹni méjì jọ débẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Gbogbo pápá ló mọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ ọ́ síta, torí èèwọ̀ wa ni láti dárúkọ ogójì kó tó pé. Èmi ni ìbò mú láti kọ́kọ́ yìn, Orrin ló tẹ̀lé mi.

Tèmi kọjá eré o. Dókítà ti sọ fún mi lẹ́yìn Kérésì pé ojú ọ̀tún mi, èyí tí mo fi ń yìnbọn, ń kú lọ, pé tó bá fi máa di àmọ́dún, mi ò ní lè rí ojú ìbọn mọ́. Bí mi ò bá rí orúkọ mi sára pákó yẹn lọ́jọ́ náà, ó parí. Orrin nìkan ni mo sọ fún. Ọmọ tí mo bí gan-an kò mọ̀.

Thayne Beckstead ló ń pàṣẹ ìbọn, ọ̀dọ́mọkùnrin gbọ̀ǹgbọ̀n kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. "Àǹtí Nedra," ó ní, "kọfí tí ẹ mu láàárọ̀ yìí pọ̀ o. Bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n, ẹ má lọ dá atẹ́gùn lẹ́bi."

"Ìyàwó ẹ ló ń gbọ̀n nígbàkigbà tó bá rí ẹ tó o gbé ìbọn. Pàṣẹ ẹ, jàre."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo dùbúlẹ̀. Orrin jókòó sẹ́yìn mi, ó tún awò ṣe, ó ní, "Mo wà níbí, àbúrò mi."

"Ẹ ki ọta!" Thayne kígbe. "Ẹ yìn!"

Mo yin àkọ́kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ìró irin tó padà dé etí mi. "Ó ti lọ," Orrin wí. "Àárín gan-an." Mo yin èkejì, mo gbọ́ gbàn. Mo ti ń kán ìbọn lọ́rùn kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Ó ṣubú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lókè pátápátá lo bà. Díẹ̀ ló kù kó fò kọjá. Yí síkúrù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Lókè kẹ̀? Bọ̀ọ̀dá, ó ṣe mí bí ẹni pé àárín ni."

"Nedra, ṣé ìwọ lò ń wò ni àbí èmi? Yí i wálẹ̀!"

Mo yí i wálẹ̀. Mo ki ẹ̀kẹta, mo mí sínú, mo fà á. Mo dúró de ìró irin, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ilẹ̀ ló bà," Orrin wí. "Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀."

Mo dá síkúrù padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè, mo sì bi méjì tó kù lulẹ̀. Mọ́kàndínlógójì. Thayne ṣí fìlà rẹ̀. Orrin gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Bí ìbọn ṣe ń ṣe nìyẹn." Mo fọwọ́ kan ọwọ́ rẹ̀, mo sọ fún un pé kó má dá ara rẹ̀ lẹ́bi, pé ojú ẹnikẹ́ni lè tàn án. Ẹ gbọ́ mi o. Èmi ni mò ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún!

Ẹgbẹ́ tiwa kéré, ẹni tó bá bi ẹran lulẹ̀ ló ń lọ gbé e dìde. Èmi àti Thayne jọ lọ, Orrin dúró láti múra ìbọn tirẹ̀. Kí n tó dùbúlẹ̀ ni wọ́n ti fín ọ̀dà funfun tuntun sára àwọn àgbò náà, nítorí náà ibi tí ọta bá bà kì í farasin, á dúdú rìbìtì bí owó ẹyọ. Mo yí àgbò kejì padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun láti ọrùn dé ìrù. Àmì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, àárín ìhà rẹ̀ gan-an ló sì wà.

Mo wò ó, mo fi ìka kàn án, mo tún wò ó.

"Kí lẹ rí níbẹ̀?" Thayne béèrè. Ó ń gbé àgbò mìíràn dìde, ó ń mí hẹlẹ.

"Àgbò ni," mo wí. Mo mú àgolo ọ̀dà, mo sì fín in bo àmì náà. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ mọ irú ẹ̀gbọ́n tí mo ní. Wọ́n ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń pa òwe yẹn látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ pé ó ń dunni tó bẹ́ẹ̀. Inú mi kò bàjẹ́ tó báyìí lọ́jọ́ tí mo sin ọkọ mi. Ọkọ mi kò mọ̀ọ́mọ̀ kú.

Orrin ń nu ẹnu ìbọn tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Níbo ni ọta mi ti ba àgbò kejì?" mo bi í.

"Mo ti sọ fún ẹ. Lẹ́yìn, lókè."

"Ọ̀dà ara rẹ̀ sọ pé àárín ni."

Kò gbójú sókè. "Awò a máa tan èèyàn nígbà mìíì."

"Awò yìí náà? Èyí tí ẹ fi rí eṣinṣin lára ẹlẹ́dẹ̀ irin láàárọ̀?"

Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni Bàbá kọ́, Nedra. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń wá ogójì yẹn. Èmi tí mo kọ́ ẹ, wàá wá lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá kí n tó débẹ̀? Mo kàn fẹ́ kó jẹ́ èmi ló kọ́kọ́ débẹ̀ ni. Tó bá di àmọ́dún, ìwọ náà á..."

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í nu ẹnu ìbọn.

"Ẹ parí ẹ̀," mo wí. "Tó bá di àmọ́dún, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

"Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

"Ìwọ nìkan ni mo sọ fún, Orrin. Ìwọ nìkan láyé yìí."

Thayne kígbe láti ibi ìpàṣẹ pé, "Bọ̀ọ̀dá Orrin, ó kàn yín o! Ẹ bọ́ síbẹ̀!"

Orrin dìde, ó wo awò, ó wò mí. "Ta ló máa wò fún mi?"

"Ta ló ti ń wò fún ẹ?" Mo jókòó sẹ́yìn awò. "Dùbúlẹ̀."

Mi ò ní parọ́ fún yín pé inú mi mọ́. Mo rò ó. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu mi, òun náà á fi ẹyọ kan tàsé. Àmọ́ ẹni tó bá purọ́ nídìí awò, kí ló tún kù tó lè sọ tí èèyàn á gbọ́? Ojú òsì mi ló wà nídìí awò, ojú òsì mi kò sì ní àrùn. Mo pinnu pé ohun tó bá rí ni màá sọ.

Ó yin àkọ́kọ́. Ó ṣubú. "Àárín," mo wí. Òótọ́ ni. Ó yin èkejì. Kí àgbò náà tó wó, mo rí àmì ọta téńté lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ó ku bíńtín kó fò kọjá. Ó mì síwájú, ó mì sẹ́yìn, kó tó ṣubú. Ẹnu mi wúwo, torí mo mọ bí ohun tí mo fẹ́ sọ ṣe máa dún létí rẹ̀.

"Ó ṣubú," mo wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ lókè pátápátá lo bà. Yí síkúrù wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó yí ọrùn padà lórí ìdùbúlẹ̀, ó ń wò mí. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti wà lórí síkúrù.

"Nedra?"

"Mo ti sọ."

"Nedra, torí Ọlọ́run."

"Àkókò ń lọ o."

Ó wo ojú mi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ nù. Lẹ́yìn náà ó yọ àtàǹpàkò kúrò lórí síkúrù, ó ki ọta, ó sì yìn ín bẹ́ẹ̀. Eruku sọ lára òkè lẹ́yìn àgbò, díẹ̀ sókè ẹ̀yìn rẹ̀. Àgbò náà wà ní ìdúró.

"Ó fò kọjá," mo wí.

Kò ki ọta mìíràn mọ́. Ó kàn wà ní ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, títí Thayne fi kígbe pé àkókò ti pé, kí gbogbo ènìyàn kán ìbọn wọn lọ́rùn.

"Ṣé òótọ́ lo sọ fún mi?" Orrin béèrè. Ohùn rẹ̀ dàbí ti ọmọdé.

"Àgbò wà lọ́hùn-ún. Lọ bi í léèrè."

Ó lọ, òun nìkan. Mo tẹjú mọ́ awò, mo ń wò ó bó ṣe ń rìn kọjá adìyẹ, ó kọjá ẹlẹ́dẹ̀, ó kọjá tòlótòló. Ó kúnlẹ̀ ti àgbò kejì. Ó fi ọwọ́ pa àmì ọta tó wà téńté lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró, ó tún pa á, kò sì kúrò lórí ìkúnlẹ̀ náà títí Thayne fi lọ bá a gbé e dìde.