Omi Lẹ́nu Géètì

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé ọkọ̀ yìí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ìlú Vratsa."

"Kí ló dé? Ṣé ọwọ́ mi ti rọ ni?" Stamen kò gbójú sókè. Abẹ́ àjàrà inú àgbàlá ni ó ti fi jáàkì gbé ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ sókè, ó sì ti yọ táyà iwájú. "Ẹni tó ń kánjú àtisá, kó jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀ kọ́kọ́ dáa."

Ralitsa, opó ọmọ rẹ̀, mí kanlẹ̀. "Mi ò sá, Bàbá. Iṣẹ́ ni mò ń bá lọ sí Sípéènì."

"Ọdún ọkọ ẹ ò tíì pé. Aṣọ dúdú ọ̀fọ̀ ṣì wà lẹ́nu géètì. Àwòrán ẹ̀ tá a lẹ̀ mọ́ ọn, òjò ò tíì pa á rẹ́."

"Ṣé àwòrán ni kí n máa jẹ?"

"Máa lọ o. Ṣùgbọ́n má retí pé ẹnikẹ́ni á da omi sọ́nà fún ẹ bí a ti ń ṣe fún ẹni tó ń rìnrìn àjò."

Láti ọjọ́ tí Ralitsa ti sọ pé òun ń lọ ni Stamen ti ń kẹ̀yìn sí i bí wọ́n bá ń jẹun. Bí ó bá di èèyàn sínú, kì í tú u sílẹ̀.

Ó ti páàdì bíréèkì tuntun bọ ibi tó yẹ. Bí ó ṣe fẹ́ dá táyà padà ni ó rí wáyà kan tí wọ́n fi so rọ́bà bíréèkì mọ́ra. Veselin, ọmọ rẹ̀ tó kú, ló so ó. Ó ti tẹ ẹnu wáyà náà wọnú, kí ó má baà ha ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ iwájú. Stamen fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìka ra wáyà náà ṣáá.

"Bàbá, kí ni?"

"Ìdọ̀tí ló kó sí mi lójú."

Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ tán, Ralitsa na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Bíréèkì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ páàdì rẹ̀ kì í mú ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́. Bí Stamen bá dákẹ́, ọkọ̀ á kọlu òpó géètì, ìrìn àjò á sì túká. Láti àárọ̀ ni èrò yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀.

"Dúró! Má tíì wọ ọkọ̀."

Ó jókòó síbi tí ọmọ rẹ̀ máa ń jókòó, ó tẹ bíréèkì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ rì dé ilẹ̀ bí ẹni tẹ òfìfo. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́, títí ó fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pọn omi kún korobá, ó sì dà á síwájú táyà, lẹ́nu géètì, kí ọ̀nà ó lè tutù. Ralitsa bú sẹ́kún.

"Má tẹ bíréèkì lójijì lórí òkè," ni Stamen wí, ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ sí ìta. "Ó ṣì jẹ́ tuntun."