Ìwọ̀n Ìgbà Ooru

Ẹ má bi mí pé kí ló ṣe mí lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ń bà mí ni. Láti ìdájí ni mo ti ń jágbe mọ́ gbogbo ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, títí kan ajá.

Ẹ̀rọ ìwakànga-epo méjì péré ni èmi àti Orest ọkọ mi ní, níbí ní Nisku, lórílẹ̀-èdè Kánádà. Arúgbó ẹ̀rọ ni méjèèjì, orí pẹpẹ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí wọn ò sì fẹ̀ ju ilé ìdáná mi lọ. Ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ wa fi ń darí páìpù sẹ́nu kànga látọjọ́ tó ti pẹ́. Àmọ́ àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún wa ti fàáké kọ́rí lọ́dún yìí. Kí òtútù tó dé, a gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ agbépáìpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká lọ máa gbin ọ̀dùnkún. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ gbọ́ irú ẹ̀rọ tá a mú.

Mi ò bá wọn jiyàn, torí mo mọ ohun tí páìpù lè ṣe. Lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, lásìkò òtútù, páìpù kan fún ọwọ́ ọ̀tún Orest mọ́ irin, àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Nestor, òṣìṣẹ́ wa kan, ló wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà. Mo lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Títí dòní, bá a bá pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tó wà lára ògiri ni mo máa ń wò títí á fi kọjá.

Ní báyìí, ta ló wá ń dúró síbi tí Orest dúró sí? Larysa. Ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, olórí kunkun bíi bàbá rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi o, ibẹ̀ gan-an ni, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ẹ̀rọ agbépáìpù méjì ló kéré tó láti bá pẹpẹ wa mu. Èkíní á dúró sórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, á ká apá rẹ̀ mọ́ra, kò gba àyè púpọ̀, ó sì yá: láàárín ìṣẹ́jú kan, páìpù ti wọlé. Ìkejì á wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn òde pẹpẹ, á máa ti páìpù gòkè díẹ̀díẹ̀. Larysa ti sọ ọ́ ní ìgbín.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Àwọn tó kù á ti wa kànga tán, wọ́n á ti lọ sílé lọ jẹun, ìgbín tiwa á ṣì máa bá páìpù kẹta jà!"

Èmi fúnra mi ni mo fi téèpù wọn pẹpẹ náà nínú oṣù keje. Bá a bá gbé ẹ̀rọ tó yá yẹn kalẹ̀, àyè tó máa kù lẹ́yìn ẹni tó bá dúró níbẹ̀ láti gba páìpù jẹ́ mítà kan ó lé díẹ̀. Mo ní ìyẹn tó sá sí. Mo buwọ́ lu ìwé rẹ̀, mo tì í bọ báàgì, pé tá a bá ti dán an wò tán, màá yọ ọ́ fún Brent tó ń tà á.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ la dán an wò, nínú ọgbà wa. Oòrùn ń ta bí iná. Brent ti dè é mọ́ orí pẹpẹ, Larysa ti wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń fò sókè sódò. Orest nìkan la ò rí.

Ìgbà tó máa yọ, háà! Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ìgbà òtútù méjì léra wọn, fìlà onírun lórí, bàtà ńlá lẹ́sẹ̀. Ó kó tapólì àti ẹ̀rọ amóoru sẹ́yìn ọkọ̀.

"Orest, ẹ̀yin àti yìnyín wo lẹ ní ìpàdé?" Brent ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dójú tì mí," Larysa ní.

Èmi ní tèmi pariwo: "Orest, ṣé orí ẹ pé báyìí? O fẹ́ kí oòrùn pa ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ó kó ẹrù rẹ̀ gun orí pẹpẹ. Ọwọ́ kan àti eyín ló fi so tapólì yí pẹpẹ ká, bá a ṣe ń so ó tí òtútù bá dé. Ó gbé ẹ̀rọ amóoru sí kọ̀rọ̀ tó máa ń wà. Lẹ́yìn náà ló bọ́ aṣọ náà, òógùn ti rin ín gbingbin.

"Larysa, wá wọ̀ ọ́."

"Nínú ooru yìí?"

"Mo ní kó o wọ̀ ọ́."

Ó wọ̀ ọ́, ó ń kùn. "Tí mo bá yọ́ tán, kẹ́ ẹ dà mí sínú ọbẹ̀ gbòǹgbò bíìtì yín."

Brent bọ́ sídìí ẹ̀rọ. Èmi dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn, níbi tí bọ́tìnnì pupa tó ń dá a dúró wà. Páìpù àkọ́kọ́ wọlé wẹ́rẹ́. Ìkejì náà wọlé. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo tiẹ̀ ti ń fọwọ́ wá ìwé nínú báàgì.

"Má wulẹ̀ dúró gbagidi bẹ́ẹ̀," Orest sọ fún un láti òdìkejì. "Bó o ṣe máa ń ṣe é gan-an ni kó o ṣe."

Páìpù kẹta ń bọ̀. Larysa sún sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, bí gbogbo ẹni tó ń dúró síbẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Ìṣísẹ̀ kan. Nígbà tó fẹ́ gbé ìkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ kọ lu ẹ̀rọ amóoru. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún, tapólì dí i. Aṣọ rẹ̀ nípọn, kò lè yí. Fìlà ti bò ó létí, kò gbọ́ igbe mi. Tapólì yẹn kan náà ni ò jẹ́ kí Brent rí i, apá irin náà sì ń bọ̀.

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbá bọ́tìnnì náà. Páìpù mì, ó dúró. Ẹ̀ṣẹ́ mi ò lè gba àárín òun àti àyà ọmọ mi kọjá.

Larysa fà ara rẹ̀ yọ, ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń wo ìka rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "ìgbín ni kẹ́ ẹ rà."

Mo yọ ìwé inú báàgì, mo fà á ya. Mi ò bú Brent. Ìwọ̀n tí mo fún un ló lò. Ọkọ mi ni mo kọjú sí.

"O mọ̀! O mọ̀, o sì gbé ọmọ mi síbẹ̀!"

"Bọ́tìnnì kan wà lọ́dọ̀ tèmi náà," ó ní. "Àtàǹpàkò mi ò kúrò lórí ẹ̀. Ìwọ lo yá jù mí lọ." Ó yíjú sí pẹpẹ. "Mélòó lo wọ̀n?"

"Mítà kan ó lé díẹ̀."

"Òun lèmi náà wọ̀n lọ́dún tí mo fara pa, nígbà tí mo sún irin tá a fi ń de páìpù síbẹ̀. Ìgbà ooru náà ni. Nestor sọ fún mi pé bá a bá so tapólì, kò ní sí ibi tí èèyàn máa sá sí. Mo ní kó panu ẹ̀ mọ́."

Ọdún mẹ́fà! Ìyá Nestor kú nínú ọdún mẹ́fà yẹn, mi ò yọjú síbẹ̀.

"O sì ń wò mí bí mo ṣe ń yẹra fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ojú ló ń tì mí, Zenia."

Inú bí mi, ojú tì mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ní, "Pè é. Nísinsìnyí. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ tẹ fóònù, ó nà án sí mi. Nestor gbé e kíá.

"Orest? Ta ló fara pa?"

"Ẹnì kankan ò fara pa, Nestor," ni mo wí. "Zenia ni. Mo pè láti bẹ̀ ẹ́ ni."