Ẹ̀gbọ́n Tó Kẹ́yìn Wáyé

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rántí ni wọ́n ń sọ. Ara ní ìrántí tirẹ̀, ìrántí ara sì lè rí ejò kó pè é ní ekòló. Wartini kò tíì mọ èyí láàárọ̀ ọjọ́ tó dúró láàrin ilé rẹ̀ létí odò ní Semarang, nílẹ̀ Indonesia, tó ń pariwo lé àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lórí.

"Endah, fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn sílẹ̀! Ta ló ní kó o wá máa di tẹ́mpẹ̀?"

"Màámi, ṣé kí ẹ̀wà tí ẹ ti sè wá wà bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan?" Endah kò gbójú sókè. Ó ń bu ẹ̀wà sóyà tó ti tutù sínú ewé, ó ń ká a, ó ń so ó, kó lè dì pọ̀ di tẹ́mpẹ̀ tí wọ́n ń dín jẹ. "Ibà mi ti lọ. Ẹ fọwọ́ kàn mí wò."

Wartini fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. Ó tutù bí omi àmù. "Ọlọ́run, a dúpẹ́ o," ni ó wí.

Laras ní tirẹ̀ wà lórí ẹní, ara rẹ̀ ń jó bí ẹyin iná. "Egungun mi o! Màámi, ẹyinjú mi fẹ́ yọ jáde!"

"Bó bá yọ, màá bá ọ mú un," ni Endah dá a lóhùn. "Ariwo rẹ nìkan tó lé ibà jáde nílùú."

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!"

Ìbejì ni wọ́n, wọ́n jọra débi pé àwọn aládùúgbò kì í dá wọn mọ̀ àfi bí wọ́n bá lanu. Laras ló kọ́kọ́ jáde sáyé, Endah ló tì í síta, nítorí náà Endah lẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ló sì ń fi sílẹ̀ fún àbúrò. Bí ẹja bá ku ẹyọ kan lábọ́, Wartini á ní, "Endah, ìwọ lẹ̀gbọ́n, fi sílẹ̀ fún un." Bí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kò bá gbà ju ẹnì kan lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó pẹ́ tí Endah ti ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó sọ.

Ibà deńgì, tí ẹ̀fọn ọ̀sán ń gbé kiri, ti mú Endah rí nígbà kékeré. Lọ́dún náà, Laras wà lọ́dọ̀ ìyá wọn àgbà lórí òkè, níbi tí òtútù kì í jẹ́ kí ẹ̀fọn gbérí. Endah dùbúlẹ̀, ó mu omi gúáfà pupa, ó dìde. Láti ìgbà náà ni ọkàn Wartini ti balẹ̀ nípa tirẹ̀: èyí ti la odò tirẹ̀ kọjá. Nígbà tí ibà mú àwọn méjèèjì lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Laras nìkan ló ń bá a lẹ́rù.

Giyono ọlọ́kadà fọn fèrè níta.

"Àwa ń lọ sílé ìtọ́jú," ni Wartini wí, ó ń gbé Laras dìde. "Ìwọ máa mu omi gúáfà rẹ. O ti ṣe tìrẹ. Bí èéyi ló rí, kì í múni lẹ́ẹ̀mejì."

"Màámi, inú ń run mí díẹ̀."

"Ebi ni. Ìrẹsì wà nínú ìkòkò."

"Ó dáa. Ẹ máa lọ, kí ó má baà ké mọ́ yín létí."

Níta, Giyono wo ọmọ tí wọ́n gbé bọ̀. "Èwo nìyí, ẹ̀gbọ́n àbí àbúrò?"

"Gbọ́ igbe, kó o mọ̀ ọ́n."

"Háà, àbúrò ni! Ẹ dì í mú dáadáa o. Bó bá bì sí mi lẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ óò fọ ṣẹ́ẹ̀tì."

Ilé ìtọ́jú kún fọ́fọ́. Àsìkò òjò ni. Wọ́n rí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó kù, wọ́n gbé Laras lé e. Dókítà Prameswari, ọ̀dọ́bìnrin tí oorun kò kún ojú rẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

"Ìrora rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọ ewu. Ó ń mu omi. Màmá, ta ló tún ń ṣàìsàn nílé?"

"Ìkejì rẹ̀. Ìyẹn ti yá. Ibà rẹ̀ lọ láàárọ̀ yìí. Ó ti ṣe deńgì rí ní kékeré, kò tún lè mú un mọ́."

Dókítà gbé ọwọ́ kúrò lára Laras. "Ó ti ṣe é rí? Ara rẹ̀ wá tutù?"

"Bí omi àmù."

"Ṣé inú ń run ún?"

"Ó sọ ọ́. Èmi ni mo ní ebi ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ gbọ́ mi. Ọmọ ìyá mẹ́rin ni deńgì. Èyí tó bá ti mú ènìyàn rí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara mọ ojú rẹ̀, kò ní ríbi wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ìyá rẹ̀ bá dé, wọ́n lè ṣì í mọ̀. Wọ́n á dì mọ́ ọn bí ẹni àná, apá tí wọ́n fi dì mọ́ ọn náà ni yóò sì fi bá wọn wọlé. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe é rí ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ìgbà tí ibà bá sì lọ gan-an ni ewu máa ń dé."

"Ìbejì ni wọ́n, Dókítà! Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ohun tí ọ̀kan jogún ni èkejì jogún!"

"Òótọ́ ni. Ohun tí ẹ bí mọ́ wọn kò yàtọ̀. Ogun tí wọ́n ti jà ló yàtọ̀. Ẹ lọ gbé e wá kíákíá."

Wartini kò mọ bí òun ṣe padà gun ọ̀kadà. Lójú ọ̀nà, ètè rẹ̀ kò dúró, ó ń gbàdúrà. Ọba tó dá ẹ̀jẹ̀ tó sì mọ gbogbo ọ̀nà tó ń gbà, Olùṣọ́ tí kì í tòògbé, má jẹ́ kí àìmọ̀ mi pa ọmọ mi.

Endah fẹ̀yìn ti ògiri, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìrẹsì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ẹja, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sì ti gbẹ sí èrìgì rẹ̀.

"Màámi, ó kù díẹ̀ kí n dì í tán."

"Dìde, à ń lọ."

"Laras ńkọ́? Ta ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ẹ padà síbẹ̀ o, abẹ́rẹ́ máa ń bà á lẹ́rù."

Giyono kò ṣàwàdà lọ́tẹ̀ yìí. Ó gbé e lé àárín ìjókòó, Wartini jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó fi aṣọ gbàjá mọ́ òun àti ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó tún un pọ̀n, wọ́n sì sáré lọ.

Nígbà tí wọ́n dé, Dókítà di ọwọ́ Endah mú, ó tẹ èékánná rẹ̀ wò, ẹ̀jẹ̀ kò tètè padà síbẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn ńlá! Ẹ wá omi tí a máa fà sí i lára. Bẹ́ẹ̀dì dà?"

"Kò sí, Dókítà. Àní ìjókòó pàápàá ti kún."

"Mo lè wà nílẹ̀," ni Endah wí. Ohùn rẹ̀ kò ju ti èèrà lọ. Ó ń rọra wálẹ̀ lára ìyá rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí Laras sùn. Ara ń ro ó."

Laras wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na gbogbo ara, ó di ojú. Ó ń kérora. Wartini wò ó. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ṣàjèjì sí ahọ́n rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti bí wọn, kò sọ ọ́ sí ọmọ yìí rí. Ó fi apá kan gbé Endah ró, ó na ọwọ́ kejì, ó fi kan èjìká Laras.

"Laras," ni ó wí, "jọ̀ọ́ ọmọ mi, dìde. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ dùbúlẹ̀."