Ojú Ìyá Ìyàwó

Ẹni tó bá ń wá ẹni tó mọ ojú ènìyàn kà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, kó má wulẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aríran. Kó gun ọ̀kadà lọ sí Òjòwò, kó bèèrè ṣọ́ọ̀bù Aqeelah.

Iṣẹ́ ìtọ́jú ojú, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní féṣíà, ni ọmọbìnrin náà ń ṣe. Àwọn mìíràn wà nídìí iṣẹ́ yìí tó jẹ́ pé o kò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n ti ń da nǹkan sí ọ lójú bí ẹni ń kun ògiri. Aqeelah kò ní fọwọ́ kàn ọ́ títí yóò fi bi ọ́ léèrè ọṣẹ tí o fi ń wẹ̀, ibi tí o ti ń ṣiṣẹ́, àti ẹ̀gbẹ́ tí o fi ń sùn. Bó bá fẹ́ lo ohun tuntun fún ọ, ẹ̀yìn etí ni yóò kọ́kọ́ fi í pa, yóò ní kí o máa lọ sílé, kí o padà wá lọ́la. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwádìí rẹ̀ ju ti ọlọ́pàá lọ. Kí wọ́n máa ṣe é lọ. Kò tíì ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́ rí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, obìnrin kan wọlé láti Japara, ó fi ìborùn di ojú títí dé imú. Ìdìkudì lásán ni. Ta ni kò mọ Mísíìsì Naomi Adémúyìwá, igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí Aqeelah ti jáde? Ogún ọdún gbáko ni ìyá yìí fi gbógun ti àwọn ọmọbìnrin tó ń bó ara, ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Aqeelah fúnra rẹ̀ jẹ nínú ẹgba rẹ̀. Níwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyá ti pè é ní ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì, tí igba ọmọ sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìyá tú ìborùn, ìlà dúdú ló ṣàn láti iwájú orí dé àgbọ̀n, bí ìgbà tí òjò bá ṣàn lára ògiri eléruku. Ó ní ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó Tamílọ́rẹ ọmọ òun, àwọn àna ń bọ̀ láti Ago-Ìwòyè, bí wọ́n bá sì rí ojú yìí, wọ́n á ní òun tí òun ń na ọmọ ọlọ́mọ lòun náà ń bóra níkọ̀kọ̀.

"Èyí tó le jù lọ ni kí o fi bó o," ló wí. "Bí kò bá lọ, mi ò ní tẹ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn."

Aqeelah bi í léèrè ohun tó fi pa á. Ó ní kò sí. Ó ní bóyá ẹ̀fọn ni, bóyá ooru, bóyá omi ẹ̀rọ. Ṣùkúrát, oníbàárà kan tó ń dúró de ìgbà tí yóò kàn án, ti ń na ọrùn bí ògòǹgò.

Ká má purọ́, inú Aqeelah kọ́kọ́ dùn díẹ̀. Kíríìmù tó ń bó ara wà lórí pẹpẹ. Bó bá fi pa á, ojú yóò di ẹran sísun kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kò sì sẹ́ni tí yóò bá a wí, nítorí ìyá ló fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó bẹ Ṣùkúrát pé kó padà wá lẹ́yìn ìrun Àsárì, ó fa kọ́tìnnì, ó sì ní kí ìyá dùbúlẹ̀.

Ọwọ́ oníbàárà ló máa ń kọ́kọ́ nù kó tó kan ojú. Ibẹ̀ ló ti rí i: ìlà dúdú kan náà wà láàárín ìka, ó gba ọrùn ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ dé ìgúnpá. Kíríìmù wo ló ń ṣàn dé ìgúnpá? Ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ fún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó gbé ẹnu sún mọ́ etí ìyá. "Mà, ọsàn wẹ́wẹ́ ni, àbí? Ẹ fi í pa ojú, ẹ wá jáde sínú oòrùn, ó sì jó yín."

Omijé gba ẹ̀bá ojú ìyá wọ etí. Ó ní ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ akọrin ló sọ pé ó ń mú ojú dán. Èso Ọlọ́run ni, kì í ṣe kíríìmù, òun ò sì kà á sí bíbó. Òun fi pa ojú láàárọ̀ Tọ́sìdé, òun sì dúró lórí pápá níbi eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ títí di ọ̀sán.

"Kò ní lọ kó tó di Sátidé," ni Aqeelah wí. "Yóò tó oṣù méjì. Bí mo bá bó o, egbò lẹ máa gbé pàdé àna."

Ìyá bínú. Èdè Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi bú u, láti orí dé àtàǹpàkò. Aqeelah jẹ́ kó bú u tán.

"Ẹ ṣì lè bú mi sí i, Mà. Ṣùgbọ́n ojú yìí ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní bà á jẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Aqeelah ń gun ọ̀kadà lọ sí Japara, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ìyá ní ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ tútù ló ń fi lé e lójú, lẹ́yìn náà omi ewé etí erin, lẹ́yìn náà òrí díẹ̀. Ó gba ọṣẹ olóòórùn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi agboòrùn lé e lọ́wọ́. Ní Wẹ́sìdé, ojú kò ta ìyá mọ́. Ìlà ṣì wà, ṣùgbọ́n awọ ojú ti rọ̀.

Lálẹ́ Fúráìdé, ìyá bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, pẹ̀lú gbogbo ohun tí òun ti fojú rẹ̀ rí.

"Ojú tó bá ti sùn sábẹ́ ọwọ́ mi," ni Aqeelah fèsì, "ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í gba ẹnu mi jáde."

Láàárọ̀ Sátidé, Aqeelah gbé àpótí àtíkè dé, ó ti múra láti bo gbogbo ìlà náà. Ìyá jẹ́ kó nu ojú, ó jẹ́ kó fi òrí ra á, ó wá gbá a lọ́wọ́ mú nígbà tó fẹ́ fi àtíkè kàn án. Ó ní ó tó.

Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ ìyàwó tẹjú mọ́ ọn, ó bèèrè ohun tó ṣe é lójú.

"Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi pa á," ni ìyá wí, ohùn rẹ̀ ròkè bíi ti ilé-ẹ̀kọ́, ó sì nawọ́ sí Aqeelah. "Mo fẹ́ dán fún yín, mo bá jóná. Ọmọ yìí ló kọ̀ fún mi kí n má ba èyí tó kù jẹ́."

Àna rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi yẹ̀. Tamílọ́rẹ sáré bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá rẹ̀ pinpin. Aqeelah ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Ìyá kò fa ojú sẹ́yìn rárá.