Yímíyímí Fàdákà Tó Fò Lọ

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ̀yin ará, bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló rọ́ ọ fún mi, ǹ bá ní kó lọ fi omi tútù bọ́jú. Sùfíyánù, máa fá orí mi lọ, ẹnu mi kò ní í dí abẹ rẹ lọ́wọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé mo máa ń kó aago àpò àtijọ́ jọ, irú èyí tí àwọn bàbá wa máa ń fi ṣéènì so mọ́ wẹ́sikóòtù. Èyí tó bá kàn rí róbótó bí ìdérí agolo, mi ò kà á sí. Èyí tí wọ́n ṣe ilé rẹ̀ lọ́nà àràmàǹdà ni tèmi. Mo ní ọ̀kan tó rí bí gìtá, kò ju àtàǹpàkò lọ. Mo ní ọ̀kan tó rí bí agbárí ènìyàn. Bí ẹ bá ṣí i lẹ́nu, inú ẹnu rẹ̀ lẹ ó ti rí ojú aago. Ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn ni yímíyímí. Fàdákà ni. Wọ́n kun ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì láwọ̀ ewé, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ nídìí, ìyẹ́ náà á ṣí, aago á yọjú lábẹ́ rẹ̀. Olóògbé Ajíbóyè, bàbá ìyàwó mi, ló fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ Tóóyọ̀sí. Kò pẹ́ sígbà náà ló kú, aago náà ni mo wí o, kò sì sí alátùn-únṣe aago tó lè jí i. Mi ò bínú sí i. Mò ń nù ún, mò ń fi hàn àlejò, ìyẹn ti tó.

Nínú àlá yìí, ọ̀sán gangan ni. Mo tẹ́ ẹní síwájú ilé, mo sá àwọn aago mi sóòrùn bí ẹni sá èlùbọ́, mo sì ń fi ọmọrogùn yí wọn padà kí ẹ̀yìn wọn náà lè gbẹ. Kò ṣe mí bákan. Ó dà bí ohun tí mò ń ṣe lọ́dọọdún.

Gìtá ní, "Bàbá, ẹ yí mi padà, ikùn mi ti jóná."

Mo yí i padà. Agbárí ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ kò fún mi níkùn."

Ibẹ̀ la wà tí yímíyímí fi ṣí ìyẹ́ rẹ̀, ó húkọ́ díẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbíyẹmí, mò ń bọ̀."

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ béèrè aago tó lù."

Mo ní ìyẹn dára, kò yẹ kí ènìyàn máa gbé ayé láìmọ aago tó lù. Ó fò lọ. Ìgbà tó kọjá òrùlé ni mo tó rántí pé Tóóyọ̀sí ti ń bọ̀ wálé láti ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Kí ni mo fẹ́ wí fún un? Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tí bàbá rẹ̀ fi lé mi lọ́wọ́ kí ó tó jáde láyé, mo jókòó, mò ń wò ó, ó fò lọ.

Mo sáré ju agbárí sápò, torí ó jọ ẹni tó mọ ọ̀nà. Mo wọ yàrá lọ mú bàtà, àṣé yàrá ti di gáréèjì. Bàtà mi tòsì ni ọkọ̀ tó wà lórí ìlà, gìtá ló sì ń wà á. Ó ní, "Ẹnì kan péré ló kù." Mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn bàtà, a gbéra. Ojú ọ̀nà kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dà, lẹ́yìn náà ó di aṣọ tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò, dúdú pẹ̀lú òṣùpá ní kọ̀rọ̀. Ẹ rántí pé iṣẹ́ fọ́tò ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Ibi tí aṣọ náà parí sí ni a já bọ́ sí.

Iléeṣẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tó ń léfòó lókè oko kòkó. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi kòkó kan kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Wọ́n kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé: ILÉEṢẸ́ OHUN TÓ SỌNÙ. Mo gun okùn náà, mo wọlé, mo tò sẹ́yìn àwọn tí mo bá. Obìnrin kan ń wá ẹ̀rín tó ń rín kó tó bímọ. Ọkùnrin tó wà níwájú mi ní òun fẹ́ sín lọ́dún tó kọjá, sísín náà kò sì jáde, òun sì mọ̀ pé ó wà níbì kan. Mo bá a kẹ́dùn.

Ó kàn mí. Òṣìṣẹ́ tó jókòó síbẹ̀ wọ kóòtù, ó de táì, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó ní kí ló sọnù.

"Yímíyímí ni, sà. Ti fàdákà."

Ó fa dúrọ́ọ̀ rẹ̀ síta. Yímíyímí wà níbẹ̀ tó ń mu tíì. Kò kí mi.

"Ta ló ni ín?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ sàpèjúwe rẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu mi nìyẹn. Mo sọ ti ìyẹ́ aláwọ̀ ewé, mo sọ ti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó wọ́ díẹ̀, mo sọ ibi tí ìyẹ́ ọ̀tún ti họ. Ọkùnrin náà ń mi orí pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, "Ó dáa. Aago mélòó ló wí?"

"Ó ti kú, sà."

"Mo mọ̀. Aago mélòó ló kú sí?"

Bí mo ṣe ń nu aago yẹn tó, mi ò wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ dúró sí rí. Agbárí sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú àpò mi pé, "Ẹ ní aago méjìlá. Aago méjìlá ni òkú máa ń fẹ́."

Mo ní aago méjìlá. Yímíyímí gbé ife tíì sílẹ̀, ó mirí.

Òṣìṣẹ́ náà kò bínú. Irùngbọ̀n rẹ̀ kàn ń gùn ni. Etí rẹ̀ wálẹ̀, ìwo hù sí i níwájú orí. Nígbà tí yóò fi sọ pé, "Ẹni tó bá ni nǹkan," ó ti di òbúkọ, ó sì ti ń jẹ táì rẹ̀ lọ. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ìyókù ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." A kì í tìtorí pé ọ̀gá di ewúrẹ́ ká má bọ̀wọ̀ fún un. Ó fi ìwo júwe ẹ̀gbẹ́ ògiri fún mi, mo lọ dúró síbẹ̀.

Ẹ gbọ́, ó dùn mí. Kì í ṣe ti fàdákà. Mò ń ro ojú tí Tóóyọ̀sí yóò fi wò mí.

Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́ lẹ́nu ìlà. "Ẹ káàsán, sà. Ọkọ mi ló sọnù."

Òbúkọ ní, "Ẹ sàpèjúwe rẹ̀."

Tóóyọ̀sí tún ìborùn rẹ̀ wé. Ó ní, "Ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn nítorí kámẹ́rà. Bó bá sùn, á máa wí pé, 'Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ má mira.' Ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò ló fẹ́ràn, ṣùgbọ́n á ní nítorí àwa tó kù lòun ṣe ń jẹ ẹ́. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀, á máa fọwọ́ pa etí òsì."

Ìgbà yẹn ni mo rí i pé etí òsì mi ló wà lọ́wọ́ mi.

Òbúkọ ní, "Aago mélòó ló di tiyín?"

Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní, "Aago mẹ́rin ku díẹ̀, lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ó ti pẹ́. Bàbá mi ṣí yímíyímí wò, wọ́n ní, 'Ọmọkùnrin yìí kò mọ aago,' wọ́n bá fi lé e lọ́wọ́."

Sùfíyánù, má fi mí rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́ ni mo pẹ́. Kẹ̀kẹ́ mi ló jò lọ́nà.

Bí ó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, yímíyímí ṣí ìyẹ́ rẹ̀ gbayawu. Gbogbo wa wò ó. Aago mẹ́rin ku díẹ̀ ni. Ó ní, "Kò sí ohun tó ṣe mí látọjọ́ yìí. Ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi, ni mo ṣe dúró síbẹ̀." Ó fò, ó bà lé ìborùn Tóóyọ̀sí, ó ká ẹsẹ̀ kò.

Tóóyọ̀sí bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. Ó ní, "Ibi tí ẹ wà nìyí? Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Mo ní, "Mò ń bọ̀." Ṣùgbọ́n òbúkọ ní wọn kì í kó ẹrù jáde láìlu òǹtẹ̀. Ó mú òǹtẹ̀ ńlá kan, ó mí hàà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí n na orí síwájú. Mo nà án. Ó gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ó lù mí níwájú orí, pá!

Mo jí. Ilẹ̀ ti mọ́. Tóóyọ̀sí jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ̀fọn ni. Ó ti mu yó kí n tó rí i."

Mo wá bi í pé, "Lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ bàbá, aago mélòó ni mo dé?"

Ó ronú títí. Ó ní, "Ta ló rántí ìyẹn? Ẹ ṣáà pẹ́." Ó dìde, ó lọ dá iná sábẹ́ ògì.

Mo lọ ṣí yímíyímí wò nínú àpótí. Aago mẹ́sàn-án àti díẹ̀ ló wí. Mo wo ẹ̀yìn mi, kò sí ẹni tó ń wò mí. Mo fi ọwọ́ yí i padà sí mẹ́rin ku díẹ̀, mo dé e.

Ìgbà tí mo fẹ́ bọ́jú ni mo rí i nínú dígí: ẹ̀jẹ̀ ẹ̀fọn náà, róbótó, pupa, láàárín iwájú orí mi. Tóóyọ̀sí ní kí n nù ún kí n tó jáde. Mo ní ó dáa. Sùfíyánù, bí abẹ bá dé ibẹ̀, jọ̀ọ́, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.