Bọ̀dá, Ẹ Bá A Wí

“Bọ̀dá mi, ẹ bá mi bá a wí. Tiyín nìkan ló máa ń gbọ́.”

Àbúrò Sọ́jà ló sọ bẹ́ẹ̀, ó sì ti àga kan ṣoṣo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó lè jókòó. Sọ́jà kò jókòó. Ó dúró ṣánṣán bí ìgbà tó ṣì wà ní bárékè, ó há fìlà iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ abíyá, ó ń wo ẹsẹ̀ ọkọ àbúrò rẹ̀. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé ẹsẹ̀ náà títí tó fi tóbi bí ìrọ̀rí. Gbogbo ìka rẹ̀ ni dókítà ti gé kúrò.

“Òun fúnra rẹ̀ ló ní òun kúrò níbi tó yẹ kóun dúró sí,” ni obìnrin náà tún wí. “Ṣé ọmọdé ni? Ẹni tó lọ sógun tó bọ̀ láìfarapa, òun ló wá ń lọ fi ẹsẹ̀ sábẹ́ katakata! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.”

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tẹrí ba lórí ìrọ̀rí. “Mo jẹ̀bi, bọ̀dá,” ló wí. “Ẹ má bínú.”

Bọ̀dá kọ́! Ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ iṣẹ́ ológun, inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì ti jọ jẹ eruku. Ìgbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ fẹ́ àbúrò ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló di ẹni tó ń sọ pé “ẹ” bí ìyàwó rẹ̀ bá wà nítòsí. Bí ìyẹn bá ti kẹ̀yìn sí wọn báyìí, ó di “ìwọ yìí, olórí kunkun”. Ó máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an. Lónìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, wọ́n jọ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa katakata ni. Fọ́máànù tó kọ́ wọn kì í fẹ́ gba ológun. Ó ti gba méjì rí, ó sì ti lé àwọn méjèèjì, nítorí bí nǹkan bá ti dún gbàmù, ọkàn wọn a ti padà sójú ogun. “Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀,” ló sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Ohun yòówù kó dún, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tẹ́ ẹ fi ń sáré, ẹ sọ ṣọ́bìrì ẹ̀rọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ dúró. Kò sẹ́ni tó ń lé yín níbí.”

Òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi kọ́ Sọ́jà ní gbogbo ìgbà tó fi wa ọkọ̀ ológun. Bí nǹkan bá bú lójú ọ̀nà, ẹni tó bá dúró ló kú. Tẹ iná, kó o kúrò níbẹ̀! Ẹ̀kọ́ yẹn ti gba ẹ̀mí òun àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ là, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lánàá, Sọ́jà ń fi katakata kó òkúta kúrò létí kòtò kan, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sì wà níwájú, ó ń fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. Ni táyà ọkọ̀ akóyẹ̀pẹ̀ kan bá bẹ́ gbàmù lẹ́yìn wọn. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kó dúró. Sọ́jà rí ọwọ́ náà. Ó rí i kedere, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ iná mọ́lẹ̀. Igbe tó gbọ́ ló jẹ́ kó mọ ibi tó wà.

Kí fọ́máànù tó sáré dé, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti ń pariwo láti ilẹ̀ pé òun lòun ṣìṣe, pé òun kúrò láyè òun. Fọ́máànù gbà á gbọ́. Ó ní ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró sí kò gbọdọ̀ tẹ ibi iṣẹ́ òun mọ́, ìbáà san, ìbáà má san. Sọ́jà gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò wí nǹkan kan. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ìpayà ló di òun lẹ́nu. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìpayà ti lọ, ó tún gun katakata, ó ṣiṣẹ́ títí dọ̀sán, ẹnu rẹ̀ ṣì dì. Ìpayà kọ́ nìyẹn mọ́.

“Bọ̀dá, ẹ ò sì sọ nǹkan kan,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n fún òun náà ní katakata tiẹ̀ wà. Orí tábìlì ìjẹun wa ló ti ń kọ́ ọ. Ṣíbí méjì ló fi ń ṣe gíà, mi ò rí ṣíbí fi po ẹ̀kọ fọ́mọ mu! Ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.”

Sọ́jà la ẹnu. Ìbáwí náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀: o ò fara balẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ parí, tó bá dọ̀la, á padà sórí katakata. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbójú sókè, ó mi orí sí i díẹ̀ pé kó sọ ọ́. Ìyẹn ló dun Sọ́jà jù. Ojú tì í, ojú gbà á tì.

“Mi ò lè bá a wí,” ló wí.

“Kí ló dé?”

“Kò kúrò láyè rẹ̀. Ó ní kí n dúró, mo rí i, mo sì tẹ iná. Èmi ni mo ṣe é.”

“Ìwọ yìí!” Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pariwo, ó gbàgbé pé ìyàwó òun wà níbẹ̀. “Ta ló bi ọ́? Tèmi ti bàjẹ́ ná. Ṣé kò yẹ kẹ́nì kan nínú wa ṣì níṣẹ́ lọ́wọ́ ni?”

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló wá jókòó sórí àga náà.

“Mo kúnlẹ̀ fún yín lánàá,” ló wí níkẹyìn. “Mo kúnlẹ̀ níta níbẹ̀ yẹn, mo ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ gbé ọkọ mi wá. Ẹ ní kò tọ́pẹ́.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Àtàárọ̀ ni mo ti ń bú u. Mo ní aláìbìkítà ni, ó kàn ń wò mí.” Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ta lẹ ti sọ fún níbi iṣẹ́?”

“Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.”

“Ẹ lọ sọ fún wọn. Ẹ má wá kí i mọ́ títí ẹ ó fi sọ ọ́.”

Inú kọ̀ǹténà tí fọ́máànù fi ṣe ọ́fíìsì ni Sọ́jà ti bá a, ó ń bọ́ bàtà iṣẹ́, ó fẹ́ máa lọ sílé. Lójú ọ̀nà, Sọ́jà ti rò ó pé òun á kọ́kọ́ ṣàlàyé ogun, òun á sọ bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn. Nígbà tó débẹ̀, kò sọ ìkankan nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ níkùúnlẹ̀. Ó sọ ohun tó ṣe.

Bàtà kan ṣì wà lọ́wọ́ fọ́máànù. Ó ti pẹ́ tó ti rí ẹni tó mọ katakata wà bí ọkùnrin yìí, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún.

“Mo ti ń dàgbà,” ló wí, kò wo ojú rẹ̀. “Bí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, etí mi kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ran mọ́. Bó o bá yíjú padà báyìí, mi ò mọ̀ pé o wá. Ṣùgbọ́n bó o bá tún un sọ, mo ti gbọ́ nìyẹn. Màá gba ọkọ àbúrò rẹ padà nígbà tára rẹ̀ bá yá, ìwọ á sì máa lọ.”

Níta, ẹnì kan ń da omi sí katakata Sọ́jà, ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Sọ́jà wò ó láti ojú fèrèsé. Ó wù ú kó yíjú padà. Ó wù ú gan-an.

“Ó ní kí n dúró,” ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń fọ katakata fi bojú wẹ̀yìn. “Mo rí ọwọ́ rẹ̀, sà, mo sì tẹ iná.”