Nígbà Tí Gọ́ọ̀mù Ń Gbẹ

Láti àárọ̀ ni káfíńtà àgbà kan ti ń rẹ́ pákó ibùsùn ọmọ-ọmọ rẹ̀, sìgá kò sì wá sí i lọ́kàn. Àyà ọmọ náà kò lágbára. Bí èéfín bá kàn án, mímí á dogun. Ìdí nìyí tí ìyá rẹ̀ fi sọ pé, “Bàbá, ọjọ́ tí ẹ bá jáwọ́ nínú sìgá ni màá gbé e wá sùn lọ́dọ̀ yín.” Bàbá ti ṣèlérí, ó sì ti fi orúkọ Ọlọ́run dè é.

Àmọ́ nígbà tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ ibùsùn mẹ́ta, tó fi okùn dì wọ́n pinpin, kò sí iṣẹ́ mọ́ ju kó jókòó títí wọn yóò fi gbẹ. Ìgbà yẹn ni ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ọwọ́ rẹ̀ wọ inú agolo ìṣó, ó fa sìgá kan tó ṣẹ́ kù síbẹ̀ yọ. Ó mu ún tán kó tó rántí fóòmù ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó gbàdúrà, ó sì ju míǹtì sẹ́nu.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin dé pẹ̀lú ìkókó lẹ́yìn. Ó gbé fóòmù náà, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Bàbá, ta ló wá sí ṣọ́ọ̀bù?”

“Oníbàárà kan ni.”

“Ṣé òun náà ló ń jẹ míǹtì lẹ́nu yín?”

Bàbá wolẹ̀. “Èmi ni, ọmọ mi. Mo tún purọ́ lé e.”

Kò bínú. Ó kàn so ọ̀já rẹ̀ le sí i. “Bí ẹ bá parí ibùsùn, ẹ pè mí.” Ó sì lọ.

Ìyàwó Bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, “Olówó orí mi, bí ayùn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kì í rántí sìgá. Gọ́ọ̀mù ló ń pè é wá. Ibi tó ń jò ni à á dí.”

“Ìwọ ti mọ̀, o ò sọ?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé Ọlọ́run nìkan lẹ fẹ́ bá sọ ọ́!”

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá da agolo ìṣó sílẹ̀ kó lè dá a lójú pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Ó lẹ ẹsẹ̀ tó kù. Bó ti di okùn tán, ọ̀fun yún un. Kò jókòó. Ó gbé fóòmù lọ sẹ́yìnkùlé, ó rì í sínú omi ọṣẹ, ó ń fún un, ó ń kọrin ìyìn jẹ́jẹ́. Ìyánhànhàn sìgá náà dúró tì í bí àlejò tí a kò fún ní àga. Nígbà tó yá, ó bá tirẹ̀ lọ. Gọ́ọ̀mù ti gbẹ.

Bàbá gbé fóòmù símú. Òórùn náà ṣì wà níbẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́.

Kò tíì pe ọmọ rẹ̀. Ó pọn omi mìíràn.